Ọjọ́ Kan Náà, Orí Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

Àbúrò mi, bí oṣù kọkànlá bá ti wọlé báyìí, tí òjò ń palẹ̀ mọ́, tí ọyẹ́ ń yọjú láti orí òkè Udi, ohun kan wà tí àwọn ọ̀dọ́ Trans-Ekulu ní Enugu níbí kì í gbàgbé láéláé, ìyẹn ni ọjọ́ ìbí. Kí ilẹ̀ tó mọ́, fóònù ti ń dún. Kí oúnjẹ àárọ̀ tó délẹ̀, àwòrán ti kún ojú ẹ̀rọ. Nígbà tí yóò fi di ìrọ̀lẹ́, kéèkì ti dé, àga ti kún àgbàlá, orin ti ń dún dé òdìkejì odò títí tó fi kan Abakpa, ẹni tó ń ṣọjọ́ ìbí yóò sì dìde láàárín èrò, yóò ní kí gbogbo ayé gbọ́ pé ọjọ́ tí òun wáyé gan-an ni lágbájá ẹni ńlá wáyé, pé ọ̀rọ̀ òun kì í ṣe ojú lásán. Èmi kì í bá wọn jà. Ayọ̀ ọmọ ènìyàn kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àgbà yóò fi bu omi pa á. Ṣùgbọ́n mo ti rí àṣà tó dé tó sì lọ, mo sì fẹ́ kí èmi àti ìwọ yẹ ọ̀rọ̀ ọjọ́ yìí wò láti ìdí rẹ̀, torí pé ohun tí a bá ń pariwo lé lórí láìyẹ̀ ẹ́ wò, òun náà ló máa ń tan ni jẹ.

Láyé àwọn bàbá wa, ta ló ń ka ọjọ́ oṣù mọ́ ọmọ lórí? Bí o bá bi ìyá àgbà léèrè pé ìgbà wo ló bí àkọ́bí rẹ̀, yóò gbójú sókè díẹ̀, yóò ní ọdún ogun Àdúbí ni, ogun tí àwọn Ẹ̀gbá gbé ko ìjọba òyìnbó lójú ní 1918 nítorí owó orí àti iṣẹ́ àfipáṣe, tàbí kí ó ní ọdún tí àjàkálẹ̀ àrùn pa tọmọdé tàgbà ni, bẹ́ẹ̀ ọdún kan náà ni méjèèjì. Ọmọ tí a bá bí lásìkò ọdún a di Abíọ́dún, èyí tí a bá bí lójú ọ̀nà a di Abíọ́nà, èyí tó bá bọ́ sí ọjọ́ ọ̀sẹ̀ a di Abọ́sẹ̀dé, ó parí. Àwọn ará ibí náà kò yàtọ̀ sí wa. Ọjọ́ mẹ́rin ni Ìgbò ń kà, Eke, Orie, Afọ àti Nkwọ, ọjà sì ni wọ́n fi ń mọ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìdí nìyẹn tí Okeke, Okorie, Okafo àti Okonkwo fi kún àdúgbò wa yìí, tí bàbá Chinua Achebe, Isaiah Okafo, fi ní ọjọ́ Afọ lára orúkọ rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin làwa náà ń kà kí ọ̀sẹ̀ tiwa tó yí po, ọjọ́ Ọbàtálá, ọjọ́ Awo, ọjọ́ Ògún àti ọjọ́ Jàkúta, àwọn àgbà sì ní bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Ẹni tó ń dífá ọrọọrún kò gbà pé ọjọ́ kan ṣoṣo lè parí ọ̀rọ̀ ẹ̀dá.

Ilé-ìwé àti iṣẹ́ ìjọba ló kó ọjọ́ oṣù wá bá wa. Tíṣà yóò ní kí ọmọ gbé ọwọ́ ọ̀tún kọjá ní àárín orí kí ó fi kan etí òsì. Bí ọwọ́ bá kan etí, ọmọ ti tó ilé-ìwé lọ, bí kò bá kàn án, kí ó padà sílé lọ máa dàgbà. Nígbà tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá wá di ẹni tó ń wá iṣẹ́, bàbá rẹ̀ yóò lọ búra ní kóòtù, akọ̀wé yóò kọ ọjọ́ tó bá rọrùn láti rántí sílẹ̀, ọjọ́ náà yóò sì di ọjọ́ ìbí títí ayé. Mo ti rí ẹ̀gbọ́n tó kéré sí àbúrò rẹ̀ nínú ìwé ìjọba, nítorí pé kò fẹ́ fẹ̀yìn tì, bẹ́ẹ̀ ọmú kan náà ni wọ́n jọ mu, gbogbo ilé ló sì mọ ẹni tó kọ́kọ́ mu ún. Àwọn tí ń fi ọjọ́ ìbí yangàn lónìí, ọmọ àwọn tó lọ yan ọjọ́ ní kóòtù ni púpọ̀ nínú wọn.

Síbẹ̀, má rò pé mò ń fojú tẹ́ńbẹ́lú ọjọ́ oṣù. Ọjọ́ kan wà tó ń yà mí lẹ́nu títí dòní, ọjọ́ náà ni àwọn ọmọ Enugu sì fi ń yangàn jù, ọjọ́ 16 oṣù kọkànlá. Ọjọ́ yìí ni wọ́n bí Nnamdi Azikiwe, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Zik, ní ọdún 1904 ní Zungeru, ìlú tí Lugard, òyìnbó amúnisìn, fi ṣe olú-ìlú Àríwá nígbà náà, níbi tí bàbá rẹ̀ ti ń ṣe akọ̀wé fún àwọn ọmọ ogun. Ọmọ Onitsha ni, ilẹ̀ Haúsá ló bí i sí, Èkó wà lára ibi tó ti lọ sí ilé-ìwé. Ó gbọ́ Haúsá, ó gbọ́ Ìgbò, ó gbọ́ Yorùbá, nígbà tó sì dé láti Amẹ́ríkà, ó dá ìwé ìròyìn West African Pilot sílẹ̀ ní Èkó ní 1937, ó ń fi í gún ìjọba amúnisìn lára láràárọ̀. Ọdún 26 lẹ́yìn ìbí Azikiwe, nígbà tí òun wà lókè òkun tó ń kàwé, ọjọ́ 16 oṣù kọkànlá tún yí po, wọ́n sì bí Chinua Achebe ní Ogidi, ìlú tó sún mọ́ Onitsha pẹ́kípẹ́kí, fún bàbá tó ń ṣe olùkọ́ ìjọ. Ìbàdàn tiwa ló ti ka ìwé yunifásítì, ọdún 27 péré ló sì jẹ láyé nígbà tí Things Fall Apart jáde ní 1958, ìwé tó rin ayé já, tó dé èdè tó ju àádọ́ta lọ.

Ó ku ibì kan. Ní ọjọ́ 16 oṣù kọkànlá ọdún 1960, oṣù kan àbọ̀ lẹ́yìn tí a gba òmìnira, Zik búra wọlé gẹ́gẹ́ bíi Gómìnà Àgbà, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí yóò jókòó sórí àga náà. Ó pé ọdún 56 lọ́jọ́ náà gan-an, Achebe sì pé 30. Enugu yìí sì pa àwọn méjèèjì pọ̀: ìhín ni Zik ti ṣe olórí ìjọba Ìlà-Oòrùn láti 1954 sí 1959, ìhín ni Achebe ti ṣiṣẹ́ rédíò, tó sì ti bá akéwì Christopher Okigbo dá ilé ìtẹ̀wé sílẹ̀ kí ogun Biafra tó tú wọn ká. Pápá ìṣeré ìlú ń jẹ́ orúkọ Zik, ilé ìwòsàn yunifásítì tó wà ní Enugu ló sì dákẹ́ sí ní ọjọ́ 11 oṣù karùn-ún ọdún 1996. Bí o bá tún wo ayé tó kù, ọjọ́ 16 oṣù kọkànlá yìí náà ni wọ́n fọwọ́ sí ìwé tó dá àjọ UNESCO sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1945. Òun ni wọ́n bí José Saramago ní ilẹ̀ Potogí ní 1922, òǹkọ̀wé tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1998. Òun náà sì ni Pizarro ará Sípéènì dẹ pàkúté fún Atahualpa, ọba àwọn Inca, ní Cajamarca ní 1532, tó mú un mọ́lẹ̀ láàárín àwọn ènìyàn rẹ̀, tó gba wúrà tó kún yàrá lọ́wọ́ rẹ̀ láti fi ra ara rẹ̀ padà, tó sì tún pa á.

Ibí yìí ni kí o ti rọra, àbúrò mi, nítorí ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kọsẹ̀. Wọ́n á gbọ́ Zik, wọ́n á gbọ́ Achebe, wọ́n á ní ọjọ́ náà lágbára, wọ́n á sì gbàgbé Pizarro pátápátá. Àwọn ará Nàìjíríà ju 200 mílíọ̀nù lọ báyìí. Bí o bá pín wọn sí ọjọ́ 365 tó wà nínú ọdún, ó ju 500,000 ènìyàn tó kan ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Àwọn tí ń bá Zik àti Achebe pín ọjọ́ ìbí lórílẹ̀-èdè wa nìkan tó ìlú ńlá kan, alágbẹ̀dẹ wà nínú wọn, ìyá ọlọ́kà wà nínú wọn, gbájú-ẹ̀ náà kò sì ní ṣaláì sí níbẹ̀. Àwọn onímọ̀ ìṣirò tún ti fi hàn pé bí o bá kó ènìyàn 23 péré jọ, àfàìmọ̀ ni kí méjì nínú wọn má pín ọjọ́ ìbí, torí pé kí ó rí bẹ́ẹ̀ ju kí ó má rí bẹ́ẹ̀ lọ. Bọ́ọ̀sì ńlá kan tó bá kún láti ibùdókọ̀ Holy Ghost tó ń lọ Èkó ti tó o ṣe, bí àwọn èrò inú rẹ̀ yóò bá kàn lè bi ara wọn léèrè. Ọjọ́ dà bí ilẹ̀ ọjà Eke: olóòótọ́ ń tẹ̀ ẹ́, oníjìbìtì ń tẹ̀ ẹ́, ilẹ̀ kì í bi ẹnikẹ́ni léèrè ohun tó gbé wá tà. Òun ló mú kí wọ́n sọ pé ọjọ́ gbogbo ni tolè, ọjọ́ kan ni tolóhun; olè àti olóhun, orí ilẹ̀ kan náà ni wọ́n jọ wà.

Ohun mìíràn tí mo fẹ́ kí o yà sọ́tọ̀ ni ọjọ́ tó ṣèèṣì bọ́ síbì kan àti ọjọ́ tí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ yàn. Wọ́n bí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ ní ọjọ́ 6 oṣù kẹta ọdún 1909. Ìyá rẹ̀ kò pe ìpàdé lórí ọjọ́ tí yóò bí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ghana gba òmìnira ní ọjọ́ 6 oṣù kẹta ọdún 1957, ọjọ́ náà ṣe déédé pẹ̀lú ọjọ́ 6 oṣù kẹta ọdún 1844 tí àwọn ọba Fante fọwọ́ sí ìwé àdéhùn tó fi wọ́n sábẹ́ òyìnbó, ọdún 113 gééré. Ọjọ́ tí wọ́n fi so wọ́n ni wọ́n fi tú ara wọn. Bákan náà ni ti Zik ní 1960, ìjọba lè yan ọjọ́ mìíràn, ọjọ́ ìbí rẹ̀ sì ni ìbúra náà bọ́ sí. Ọjọ́ 8 oṣù kẹjọ ọdún 1957 sì wà pẹ̀lú, tí Ìbàdàn àti Enugu gba ìjọba ara-ẹni lọ́jọ́ kan náà, Ìwọ̀-Oòrùn lọ́wọ́ Awólọ́wọ̀, Ìlà-Oòrùn lọ́wọ́ Azikiwe, àwọn méjì tí àwọn ọmọlẹ́yìn wọn kì í fẹ́ jókòó nínú yàrá kan náà. Ọjọ́ so wọ́n pọ̀, ìṣèlú tú wọn ká. Bí ọjọ́ bá lágbára tó bí àwọn ènìyàn ti ń wí, ìjà yẹn ì bá má wáyé.

Àwa Yorùbá ni kò tilẹ̀ yẹ kó ṣi ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ láéláé, nítorí àwa ni ìbejì wọ́pọ̀ láàárín wa jù láyé, Ìgbó-Ọrà sì wà níbẹ̀ tí gbogbo ayé ń lọ wò. Táyé àti Kẹ́hìndé, ilé ọlẹ̀ kan, ọjọ́ kan, ọmú kan, aṣọ kan náà ni ìyá ń rán fún wọn. Síbẹ̀ ọ̀kan lè gbé ìwé dání títí kó di ọ̀mọ̀wé, kí èkejì má fẹ́ rí ìwé sójú, kí ó sì fi òwò kọ́ ilé tí ọ̀mọ̀wé náà yóò wá yá gbé. A kúnlẹ̀ a yan ẹ̀dá, a dé ayé tán ojú ń kán wa. Orí ni a yàn, a kò gbọ́ pé ẹnikẹ́ni yan ọjọ́. Bí àwọn méjì tó wáyé ní ìṣẹ́jú díẹ̀ síra wọn kò bá lè pín kádàrá, kí ló wá kan ẹni tí wọ́n bí ní Trans-Ekulu ní ọdún 2000 pẹ̀lú ẹni tí wọ́n bí ní Zungeru ní 1904?

Ọjọ́ mìíràn tún wà tí ẹnikẹ́ni kì í fi yangàn. Ọjọ́ 15 oṣù kìn-ín-ní ni wọ́n bí Martin Luther King ní Atlanta ní 1929, ọkùnrin tó fi ẹnu jà, tó kọ̀ láti fi ìbọn jà. Ọjọ́ yẹn kan náà ní 1966 ni àwọn ọ̀dọ́ ọ̀gá ológun tiwa gbé ìbọn, wọ́n pa Balewa, olórí ìjọba àpapọ̀, wọ́n pa Ahmadu Bello, olórí ìjọba Àríwá, wọ́n pa Akíntọ́lá, olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀, ọjọ́ 15 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1970, Philip Effiong tó ń ṣojú Biafra dúró níwájú Gowon, olórí ìjọba ológun Nàìjíríà, ní Dodan Barracks ní Èkó, ó fọwọ́ sí ìwé pé Biafra ti dópin, lẹ́yìn tí àìmọye ọmọdé ti kú ikú ebi ní gbogbo agbègbè yìí. Oṣù keje náà ní tirẹ̀: ọjọ́ 29 rẹ̀ ní 1966 ni wọ́n mú Ironsi, olórí ìjọba ológun nígbà náà, ní Ìbàdàn pẹ̀lú Adékúnlé Fájuyì tó gbà á lálejò, wọ́n sì pa àwọn méjèèjì, ọjọ́ 29 oṣù keje ní 1975 ni àwọn ológun gba ìjọba lọ́wọ́ Gowon nígbà tó wà ní ìpàdé ní Kampala. Ọdún mẹ́sàn-án gééré. Ẹnìkan á ní àmì ni, á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìtumọ̀. Èmi ń wo ọwọ́ àwọn tó di ìbọn mú. Ọjọ́ kò yìnbọn rí.

Ọmọ aráyé a sì tún máa kánjú ju ọjọ́ lọ. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1989, oṣù ìbí Zik gan-an, ariwo sọ láti ìlú dé ìlú pé Zik ti kú. Ìwé ìròyìn gbé e, àwọn ènìyàn ńlá kẹ́dùn, àwọn tí wọn kò sọ rere nípa bàbá náà láti ọjọ́ tó ti ń ṣèlú ń wá ọ̀rọ̀ dídùn kiri, bẹ́ẹ̀ bàbá wà nílé rẹ̀, ara rẹ̀ le, ó sì pé ọdún 85 nínú oṣù náà. Ó tún lo ọdún mẹ́fà àti àbọ̀ lẹ́yìn ìdárò yẹn. Àwọn àgbà ní ọjọ́ a bá kú là á dère, ènìyàn kò sunwọ̀n láàyè. Zik nìkan ni mo mọ̀ tó di ère lójú ara rẹ̀, tó sì rí àwọn tó ń gbẹ́ ẹ. Ìwọ rò ó wò bí ọ̀rọ̀ rere yẹn ì bá ti wúlò tó bí wọ́n bá sọ ọ́ fún un ní ọjọ́ ìbí èyíkéyìí tó ti kọjá.

Gbogbo ohun tí mo ti ń sọ láti òwúrọ̀ yìí, ibi tí mò ń lọ nìyí. Lọ́dún 1949, Zik pé ọdún 45 ní ọjọ́ 16 oṣù kọkànlá, Achebe pé 19, ó wà ní Ìbàdàn tó ń kàwé. Ọjọ́ méjì péré lẹ́yìn náà, ọjọ́ 18, ní Iva Valley, lẹ́bàá ìlú yìí níbí, àwọn awakùsà èédú kóra jọ. Owó iṣẹ́ tí wọ́n gbà pé ìjọba jẹ wọ́n ni wọ́n ń bèèrè, wọ́n ti dẹwọ́ nínú iṣẹ́ láti ọjọ́ mélòó kan, nígbà tí ọlọ́pàá sì dé láti wá kó àwọn ohun abúgbàù kúrò nínú ihò kùsà, ẹ̀rù bà wọ́n pé wọ́n fẹ́ tilẹ̀kùn iṣẹ́ mọ́ àwọn ni. Ọ̀gá ọlọ́pàá òyìnbó kan, Philip, pàṣẹ kí wọ́n yìnbọn. Ènìyàn 21 kú, àádọ́ta àti ọ̀kan fara gbọgbẹ́. Èédú tí wọ́n ń wà láti 1915 ló sọ Enugu di ìlú, òun ni wọ́n torí rẹ̀ la ojú irin lọ sí Port Harcourt. Bí kò bá sí èédú, Trans-Ekulu tí èmi àti ìwọ ń gbé yìí ì bá máa jẹ́ oko.

Àwọn 21 wọ̀nyí, ta ló mọ ọjọ́ ìbí wọn? Bí ẹnikẹ́ni bá tilẹ̀ kọ ọjọ́ tí wọ́n dáyé sílẹ̀, kò dé etí wa. Bóyá ìyá kan mọ̀ pé ọjọ́ Nkwọ ni, bóyá èkejì mọ̀ pé ìgbà ìkórè iṣu ni. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí ìwé ìtàn mọ̀ fún wọn ni ọjọ́ tí wọ́n pa wọ́n. Ẹni ńlá ní ọjọ́ méjì nínú ìwé, ọjọ́ tó wáyé àti ọjọ́ tó lọ. Tálákà, bí ó bá rí ojú rere ìtàn, ọ̀kan ló máa ń ní, èyí tó korò nínú méjèèjì. Ohun tó sì ń dùn mí ni pé àwọn ọmọ wa tó mọ ọjọ́ 16 dáadáa kò mọ ọjọ́ 18, bẹ́ẹ̀ oṣù kan náà ni, ìlú kan náà ni, ìjà kan náà ni Zik ń fi ìwé ìròyìn jà tí àwọn wọ̀nyí fi ẹ̀mí ara wọn jà. Igi kan kì í dá igbó ṣe. Òmìnira tí Zik wá joyè lé lórí ní 1960, ẹ̀jẹ̀ Iva Valley wà nínú rẹ̀.

Nítorí náà, àbúrò mi, ṣe ọjọ́ ìbí rẹ, jẹ kéèkì rẹ, jó bó ṣe wù ọ́; mo ń bọ̀ wá bá ọ jẹ níbẹ̀. Bí wọ́n bá sọ fún ọ pé ìwọ àti ẹni ńlá kan jọ ní ọjọ́, dúpẹ́, kí o sì lọ ka ohun tó fi ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣe, torí ibẹ̀ ni ọlá rẹ̀ wà. Zik kò di Zik ní Zungeru, iṣẹ́ ló sọ ọ́ di Zik. Achebe bá àìmọye ọmọ wáyé lọ́jọ́ kan, àwọn tó jókòó kọ̀wé bíi tirẹ̀ nínú wọn kò pọ̀. Lẹ́yìn náà, mú ìwé kékeré kan, kọ ọjọ́ ìbí ìyá rẹ sínú rẹ̀ bí ó bá mọ̀ ọ́n, bí kò bá mọ̀ ọ́n, kọ ohun tó rántí. Kọ ti bàbá rẹ, ti ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́, ti ìyá tó ń bá yín gbálẹ̀, ti gáàdì tó ń ṣí géètì. Kí àwọn náà lè ní ọjọ́ méjì. Bí oṣù kọkànlá bá sì dé, tí o ti kí Zik àti Achebe tán ní ọjọ́ 16, pe àwọn ọmọ ilé jọ ní ọjọ́ 18, kí o sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Iva Valley fún wọn, kí o sì jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé èédú àwọn ọkùnrin náà ni ìlú yìí kọ́kọ́ jẹ.